Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Péré: Bí Wọ́n Ṣe Gba Iná Texas Là, àti Àwọn Tó Ń San Owó Rẹ̀

Ní òru ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kejì 2021, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ iná Texas ní yàrá ìdarí wọn ní Taylor, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Austin, ń wo nọ́ńbà kan tó ń já wálẹ̀. 60 ló yẹ kó jẹ́. Ó ti wọ abẹ́ 59.4, ó sì ń lọ. Bó bá lo ìṣẹ́jú 9 níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá á bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn kúrò lórí wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ wọn má baà bàjẹ́. Èyí tó bá já á fa èyí tó kù, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn birimù, wọ́n á sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òfo, iṣẹ́ tó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 23 ni nọ́ńbà náà lò nísàlẹ̀ kó tó gbéra padà. Èyí tó kù fún wọn kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹni tó bá ti dúró nídìí ẹ̀rọ ìlọta rí á mọ ohun tí nọ́ńbà yìí jẹ́. Bí wọ́n bá da ata lé ẹ̀rọ ju agbára rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á máa fà. Bí wọn ò bá tètè bù díẹ̀ kúrò, á kú. Bó ṣe ń rí nìyẹn bí iná tí àwọn èèyàn ń lò bá ju èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń mú wá lọ. Orí 60 hertz ni Amẹ́ríkà ń fi tiwọn sí, orí 50 ni Nàìjíríà ń fi tiwa sí, Òṣogbo sì ni yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Ohun tí àwọn ará Òṣogbo ń sá fún lójoojúmọ́ ni àwọn ará Taylor ń sá fún lóru ọjọ́ yẹn. Gíríìdì tiwa wó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Kẹwàá 2024. Tiwọn kò wó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò jẹ́ kó wó. Wọn ò rí iná kankan bù kún un. Èèyàn ni wọ́n gé kúrò lórí rẹ̀. Láti nǹkan bí aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ERCOT, àjọ tó ń darí gíríìdì náà, ti ń pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ni wáyà pé kí wọ́n gé, kí wọ́n tún gé sí i, títí ohun tí wọ́n gé fi di 20,000 mẹ́gáwáàtì. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ló wọ òkùnkùn nínú òtútù tó burú jù tí ọ̀pọ̀ wọn rí láyé wọn.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹnu ní Texas ti ń sọ pé kí wọ́n mú kí iná lágbára sí i, kó lè fara da òtútù, ìjì àti ooru. Òfin ti jáde, owó ti jáde. Ohun tí mo fẹ́ tọpa nínú àkọsílẹ̀ yìí ni ibi tí agbára náà dé àti ibi tí kò dé, àti ẹni tí wọ́n gbé bíìlì rẹ̀ fún. Mo mú Texas nítorí pé àdánwò méjì ló dé bá wọn, ti òtútù àti ti ìjì, èsì méjèèjì kò sì jọra rárá.

Àwọn tí wọ́n gé

Òtútù tí wọ́n pè ní Winter Storm Uri bo gbogbo káúńtì 254 tó wà ní Texas. Ní Dallas, ó já sí ìwọ̀n 19 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius lọ́jọ́ 16 oṣù náà. Houston, ìlú olóoru tó wà nítòsí òkun, rí ìwọ̀n 10 nísàlẹ̀ òdo. Ilé Texas kì í sì í ṣe ilé òtútù. Nítorí ooru ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Páìpù omi ń gba òkè àjà àti ara ògiri ìta kọjá nínú ọ̀pọ̀ wọn, nǹkan bí ilé mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló sì ń fi iná mọ̀nàmọ́ná yá. Iná lọ, ilé tutù, páìpù dì, ó bẹ́, omi náà lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ omi kò níná láti fi fà á, nítorí náà èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 12 ni wọ́n sọ fún pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi se é.

Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé kí wọ́n pín òkùnkùn náà yí ká: kí àdúgbò kan wà láìníná fún ìṣẹ́jú 15 sí 45, kí wọ́n dá tiwọn padà, kí wọ́n mú ti àdúgbò mìíràn. Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì sí irú ètò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí là ń kà ní tiwa. Ṣùgbọ́n kò ṣeé yí. Fídà tí ilé ìwòsàn bá wà lórí rẹ̀, wọn kì í gé e. Èyí tí ilé iṣẹ́ panápaná tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi wà lórí rẹ̀, wọn kì í gé e. Nígbà tí wọ́n yọ gbogbo ìyẹn sẹ́yìn, èyí tó kù kéré débi pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní láti gé lẹ́ẹ̀kan náà kó tó pé iye tí ERCOT bèèrè. Kò sí èyí tí wọ́n lè fi gbapò rẹ̀. Ní Austin, ilé iṣẹ́ iná ìlú náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aráàlú.

Ohun tó pinnu bóyá ìdílé kan á yá iná tàbí á gbọ̀n nìyẹn: ohun tó bá wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ilé ìwòsàn wà ládùúgbò rẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó wà ní òdìkejì títì ń ya àga sínú iná ìdáná. Ní Houston, àwọn ilé gogoro àárín ìlú tí kò séèyàn nínú wọn tan iná yanranyanran mọ́jú, nítorí pé wáyà abẹ́ ilẹ̀ tó gbé iná dé ibẹ̀ kò ṣeé gé lápá kan kí apá kan ṣẹ́ kù. Àwòrán rẹ̀ káàkiri ayé, ó sì bí àwọn èèyàn nínú gidigidi. Àwọn olùwádìí tó fi àwòrán sátẹ́láìtì wo alẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn rí i pé ó fi ìlọ́po mẹ́rin ṣeé ṣe kí iná lọ ní àdúgbò tí àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun pọ̀ sí ju àdúgbò aláwọ̀ funfun lọ. N kò rò pé ẹnì kankan jókòó pinnu bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Kò pọn dandan kí ẹnì kankan pinnu. Ibi tí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ ńlá sí láti ogójì ọdún sẹ́yìn ti pinnu fún wọn.

Yunifásítì Houston bi àwọn aráàlú léèrè lẹ́yìn náà. Nínú èèyàn 100, 69 ló ní iná lọ ní ilé àwọn láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wákàtí 42 sì ni àpapọ̀ òkùnkùn wọn bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n ṣèlérí wé e.

Iye àwọn tó kú tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà jẹ́ 246. Òtútù fúnra rẹ̀ ló pa 161 nínú wọn. Àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, tí òkùnkùn sì jẹ́ kó le sí i, pa 25. Àwọn mìíràn kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, nínú iná tó jó ilé, tàbí nípa ṣíṣubú lórí yìnyín. Carbon monoxide, èéfín olóró tí kò ní òórùn, pa 19: àwọn èèyàn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú gáréèjì, tó gbé àdògán èédú wọlé, tàbí tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láti lè yá ara. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ìyókù lọ. Ní Nàìjíríà, ọmọ kékeré ti mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ kì í wọ ilé sùn, nítorí pé ọdọọdún là ń gbọ́ pé ìdílé kan sùn tí wọn ò jí mọ́. Houston sì wà lára àwọn ìlú Amẹ́ríkà tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù. Ìmọ̀ náà wà nílùú. Kò sí ẹni tó rò pé ó máa wúlò níbẹ̀.

Ohun tó fà á

Àwọn olóṣèlú kan sáré jáde sọ pé ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ mú iná wá ló dì, pé òun ló fa gbogbo wàhálà náà. Lóòótọ́ ni àwọn kan nínú wọn dì. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù Kọkànlá 2021 sọ pé nínú ẹ̀rọ amúnáwá 1,045 tó kú tàbí tó rẹ̀yìn, ti gáàsì ló kó 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó fà á jù ni pé ara ẹ̀rọ dì, ohun tó tẹ̀ lé e sì ni pé gáàsì kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Gáàsì kò dé nítorí pé ẹnu kànga dì. Ó tún kù síbì kan: púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì wọ páìpù ń lo iná mọ̀nàmọ́ná. Nígbà tí wọ́n ń gé iná fídà kọ̀ọ̀kan lóru ọjọ́ náà, wọ́n gé tiwọn mọ́ ọn, nítorí pé àwọn tó ni wọ́n kò fi orúkọ sílẹ̀ lára àwọn tí kò gbọdọ̀ pàdánù iná. Wọ́n gé iná ohun tó ń gbé gáàsì lọ fún ilé iṣẹ́ amúnáwá, ilé iṣẹ́ amúnáwá kú, wọ́n bá tún ní láti gé iná sí i.

Kì í ṣe pé wọn ò kìlọ̀ fún wọn. Òtútù ti ṣe irú rẹ̀ sí wọn ní 1989, ó tún ṣe é ní oṣù Kejì 2011, ìjọba àpapọ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn èyí pé kí wọ́n fi aṣọ bo páìpù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìmúgbóná sí ibi tó yẹ. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Láti ọdún 1935 ni àwọn oníṣòwò iná Texas ti fi wáyà wọn sí àárín ìpínlẹ̀ nìkan kí ìjọba àpapọ̀ má baà rí wọn bójú tó, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yá iná lọ́wọ́ aládùúgbò kò ju tín-ínrín lọ. El Paso, ní ìkángun ìwọ̀ oòrùn, wà lórí gíríìdì mìíràn tó so pọ̀ mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká. Ilé iṣẹ́ iná ibẹ̀ gbọ́ ìkìlọ̀ 2011, wọ́n náwó sí i. Nígbà tí òtútù 2021 dé, ilé ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré ni iná lọ níbẹ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ní ilé àwọn tó pọ̀ jù.

Bíìlì

Ọjà ni wọ́n ń ta iná ní Texas bí ẹni ń ta tòmátò: bó bá wọ́n, ó gbówó. Ní ọdún tó ṣáájú, mẹ́gáwáàtì kan fún wákàtí kan kò tó 30 dọ́là bí a bá pín in dọ́gba. Ní ọ̀sẹ̀ òtútù náà, Public Utility Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iná, pàṣẹ kí wọ́n gbé e sí òkè téńté tí òfin gbà, 9,000 dọ́là. Èrò wọn ni pé owó náà á fa àwọn amúnáwá jáde. Ẹ̀rọ tó ti dì kì í gbọ́ ohùn owó. Wọ́n sì fi í sílẹ̀ lókè fún nǹkan bí wákàtí 32 lẹ́yìn tí wọ́n ti dáwọ́ gígé iná dúró.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Griddy ní oníbàárà bí 29,000 tó ń ra iná ní iye tí ọjà bá pè é ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ dáa, àwọn ló ń san owó tó kéré jù. Ní ọ̀sẹ̀ náà, bíìlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là wọlé sí ilé wọn. Griddy lọ sọ ní ilé ẹjọ́ ní oṣù Kẹta pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́, wọ́n sì fa gbèsè àwọn oníbàárà tí kò tíì san ya. Ìròyìn ti Griddy ló gbalẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí iye kan pàtó, tí bíìlì wọn kò yí padà lóṣù náà, tí wọ́n rò pé àwọn bọ́, tiwọn ló wá lẹ́yìn. Brazos Electric, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ra iná fún àwọn ará ìgbèríko, gba bíìlì bílíọ̀nù 2.1 dọ́là fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lọ sí ilé ẹjọ́ lọ sọ pé òun kò rí i san. Ilé aṣòfin wá ṣe òfin pé kí wọ́n sọ àwọn gbèsè wọ̀nyí di ìwé gbèsè tí àwọn olówó á rà, kí àwọn oníbàárà máa san án díẹ̀díẹ̀ lórí bíìlì oṣooṣù. Fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta gáàsì fún ilé nìkan, ó tó bílíọ̀nù 3.5 dọ́là. Òfin fàyè gba kí sísan rẹ̀ gùn tó ọdún 30. Ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ́dún 2021 lè dàgbà, kó gba ilé tirẹ̀, kó sì bá owó òtútù náà nídìí bíìlì.

Mi ò sọ pé ọ̀nà mìíràn rọrùn. Bí wọ́n bá gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, aráàlú á kú sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan jèrè tabua ní ọ̀sẹ̀ yẹn, pàápàá àwọn tó ní gáàsì lọ́wọ́ láti tà, wọn ò sì ní kí wọ́n dá nǹkan kan padà.

Òfin tuntun, àti fọ́ọ̀mù 150 dọ́là

Gbogbo kọmíṣọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Public Utility Commission fi ipò sílẹ̀, wọ́n lé ọ̀gá ERCOT. Ní oṣù Kẹfà 2021, Gómìnà Greg Abbott fọwọ́ sí Senate Bill 3: dandan ni kí ilé iṣẹ́ amúnáwá múra sílẹ̀ de òtútù báyìí, ìtanràn ẹni tó bá kọ̀ sì lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là lójúmọ́. Kí ọdún náà tó parí, àwọn olùyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé iṣẹ́ káàkiri.

Ti gáàsì falẹ̀. Abẹ́ Railroad Commission ni gáàsì wà, àjọ mìíràn pátápátá, tí kò sì le mọ́ àwọn tó ń bójú tó rárá. Òfin ní kí àwọn ilé iṣẹ́ gáàsì forúkọ sílẹ̀ lára àwọn tí kò gbọdọ̀ pàdánù iná, kí wọ́n sì múra de òtútù. Àjọ náà wá gbé ìlànà kan jáde pé ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ yọ ara rẹ̀ lè kọ fọ́ọ̀mù, kó san 150 dọ́là. Àádọ́jọ dọ́là, lẹ́yìn òkú 246! Àwọn sẹ́nétọ̀ bínú gan-an níbi ìjókòó wọn ní oṣù Kẹsàn-án, àjọ náà sì padà dí àyè náà kù. Oṣù Kẹjọ 2022 ni ìlànà ìmúrasílẹ̀ ti gáàsì tó jáde, ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá.

Síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Òtútù padà wá ní oṣù Kejìlá 2022, ìlò iná kọjá 73,000 mẹ́gáwáàtì, gíríìdì dúró. Ní oṣù Kìíní 2024, ó kọjá 78,000. Ní oṣù Kejì 2025, ó kọjá 80,000. ERCOT kò pàṣẹ pé kí wọ́n gé ẹnikẹ́ni ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin nìkan kọ́ ló ṣe é: iná olóòrùn pọ̀ sí i kíákíá, bátìrì ńláńlá tí kò ju ọgọ́rùn-ún mẹ́gáwáàtì mélòó kan lọ ní 2021 sì ti kọjá 10,000 ní 2025. Bátìrì ló ń gba iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ tí àwọn èèyàn sì ń ti ibi iṣẹ́ dé. Àwọn oníṣòwò tó fẹ́ jèrè ló gbé wọn wá, kì í ṣe àwọn aṣòfin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ fẹ́ràn wọn.

Ìjì tó gba ojú òpó wọlé

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ń tún òkè ṣe: ilé iṣẹ́ amúnáwá, gáàsì, ọjà. Iná tó wọ ilé èèyàn gbọ́dọ̀ gba orí òpó igi kan ní ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2024, ìjì Beryl gúnlẹ̀ lẹ́bàá Matagorda, ó sì gba orí Houston kọjá. Ìpele kìíní ni, èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú ìpele ìjì líle. Iná lọ lọ́wọ́ oníbàárà CenterPoint, ilé iṣẹ́ tó ni òpó àti wáyà Houston, tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Gíríìdì kò mì rárá. Iná wà lókè rẹpẹtẹ, ERCOT kò ní ìṣòro kankan. Igi ló wó lu wáyà, òpó ló dá. Àwọn kan wà nínú òkùnkùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nínú ooru tí ara ń mọ̀ bíi pé ó kọjá ìwọ̀n 38. Lọ́dún 2021, òtútù ló pa wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, ooru ló pa àwọn arúgbó tí ẹ̀rọ amúlétutù wọn kú.

Máàpù tí CenterPoint fi ń sọ ibi tí iná ti lọ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Ìjì mìíràn tó jà ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ti pa á. Àwọn aráàlú wá rí ọgbọ́n kan dá: wọ́n ń ṣí áàpù Whataburger, ilé oúnjẹ tí ẹ̀ka rẹ̀ wà káàkiri ìlú. Ẹ̀ka tó bá ṣí, iná wà ládùúgbò yẹn. Èyí tó bá ti ìlẹ̀kùn, kò sí. Mo gbà pé ọmọ Nàìjíríà ló kọ́kọ́ ronú kan irú èyí, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹ̀rí!

Ohun tó wá kan àkọsílẹ̀ yìí gan-an nìyí. Lẹ́yìn òtútù 2021, wọ́n ṣe òfin kan tó fún àwọn ilé iṣẹ́ oníwáyà láyè láti háyà jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n lè gbé dé ibi tí wàhálà bá wà. CenterPoint háyà tiwọn ní nǹkan bí 800 mílíọ̀nù dọ́là, owó náà sì wọ inú bíìlì àwọn ará Houston. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn tóbi débi pé kò rọrùn láti gbé wọn láti ibì kan dé òmíràn. Nítorí irú òkùnkùn 2021 ni wọ́n ṣe háyà wọn. Nígbà tí Beryl dé, kò sí ibi tí wọ́n ti lo ọ̀kankan nínú àwọn ńlá wọ̀nyẹn. Kékeré ni ilé ìwòsàn àti ilé àwọn arúgbó nílò. Àwọn èèyàn ti ń san owó iná tó lágbára fún ọdún mélòó kan, nígbà tí ọjọ́ sì pé, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn. Ní 2025, wọ́n kó àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lọ sí agbègbè San Antonio kí wọ́n lè ran gíríìdì lọ́wọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn Beryl, CenterPoint bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ òpó sí irú tí ìjì kò lè tètè dá, wọ́n ń gé igi kúrò lára wáyà, wọ́n ń ri àwọn wáyà kan mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ ni. Orí bíìlì ni òun náà ń gbà wá.

Ẹni tó lè dá tirẹ̀ ṣe

Olówó Houston kò dúró de ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ tó ń lo gáàsì páìpù, tó ń tan ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí iná bá lọ, ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú owó ìgbéró. Bátìrì ilé pẹ̀lú páánẹ́lì olóòrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onílé lè gbé e ró. Ẹni tó háyà yàrá nínú ilé alájà mẹ́ta kò ní ibi tó máa gbé e sí, bó tilẹ̀ lówó lọ́wọ́. H-E-B, ilé ìtajà oúnjẹ tó gbilẹ̀ jù ní Texas, ní jẹnẹrétọ̀ gáàsì tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ń ṣí nígbà tí òkùnkùn bo àdúgbò. Ní 2021 àti lẹ́yìn Beryl, Jim McIngvale, oníṣòwò àga tí gbogbo Houston ń pè ní Mattress Mack, ṣí ìlẹ̀kùn ilé ìtajà rẹ̀, àwọn èèyàn sì lọ sùn sórí ibùsùn tó ń tà. Oore ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ètò.

Ìjọba ní ètò kan lórí ìwé. Ilé aṣòfin ya bílíọ̀nù 1.8 dọ́là sọ́tọ̀ fún iná àdáni kéékèèké ní àwọn ibi tí ẹ̀mí wà lọ́wọ́ wọn: ilé ìwòsàn, ilé àwọn arúgbó, ilé iṣẹ́ omi. Lójú mi, èyí ló sún mọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe láti 2021, nítorí pé ó ń fi iná sí ibi tí èèyàn lè sá lọ, yálà òtútù ló dé tàbí ìjì. Òun náà ló ń falẹ̀ jù. Owó tí wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò láti kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá tuntun tó ń lo gáàsì, tó wà nínú ètò kan náà, ló kọ́kọ́ rìn.

Fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ mí nínú ilé, ohun kan wà tó lè ṣe ní báyìí. Fọ́ọ̀mù kan wà ní Texas tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ pé iná ló gbé ẹ̀mí ẹnì kan ró. Dókítà á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì máa tún un ṣe bí àkókò rẹ̀ bá pé. Bí orúkọ bá wọlé, ilé iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ kìlọ̀ kí wọ́n tó gé e nítorí gbèsè. Fọ́ọ̀mù náà tún sọ ọ́ kedere pé ìforúkọsílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé iná kò ní lọ, àti pé ẹni tí iná bá pọn dandan fún gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wá ohun tó máa lò bó bá lọ.